Bí Kámẹ́rà Dígítà Ṣe Ń Di Webcam Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ti Pẹ́

Bí wọ́n bá fi okùn USB so kámẹ́rà dígítà mọ́ kọ̀ǹpútà, ibi tí fọ́tò wà ni kọ̀ǹpútà máa ń rí. Kì í rí ojú tó ń wo nǹkan lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó jáde láàárín ọdún 2000 sí 2019 nìyẹn. Àwọn kan máa ń fara hàn lórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bíi flash, tí èèyàn á ṣí, tí á sì kó fọ́tò inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ìlànà PTP, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún kíkó fọ́tò láti inú kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà tàbí sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe nínú méjèèjì láti máa da fídíò sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Webcam ní tirẹ̀ kì í tọ́jú fọ́tò kankan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kí ó máa ti àwòrán jáde láìsinmi. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà tó ya fọ́tò ìgbéyàwó tí gbogbo ẹbí fi ń yangàn fi lè wà lórí tábìlì, kí okùn wà lára rẹ̀, kí iná rẹ̀ sì tàn, síbẹ̀ kí Zoom máa sọ pé òun ò rí kámẹ́rà kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ lo irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ fún ìpàdé, ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kò jayò pa, nítorí ojú rẹ̀ mú ju ti webcam lọ jìnnà. Nínú Canon 600D tó jáde ní 2011, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 22, ó sì ga tó 15. Ti webcam tó wà lókè ojú láàpútọ́ọ̀pù kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú kí àwòrán kámẹ́rà mọ́ nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tàn, tí ara èèyàn dúdú fi ń ní àwọ̀ tirẹ̀ gan-an dípò kó máa ṣe bí eérú. Ìṣòro kò sí ní ìríran, nígbà náà. Ọ̀nà tí àwòrán yóò gbà jáde ni ìṣòro, kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu èyí tó ṣeé gbà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ní láti kọ́kọ́ yẹ kọ̀ǹpútà náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kámẹ́rà lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ní òdì, tí wọ́n sì ń ra okùn tí kò wúlò.

Webcam àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo èèyàn ni QuickCam, tí ilé-iṣẹ́ Connectix ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1994 fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀, ó sì kéré: 320×240. Lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ń ṣe webcam tirẹ̀ pẹ̀lú driver tirẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wí. Ẹni tó bá sọ CD driver nù ti sọ webcam nù. Ní 2003 ni ẹgbẹ́ tó ń bójú tó USB gbé ìlànà UVC jáde, kí gbogbo webcam lè máa sọ èdè kan náà. Windows XP gbà á láti ìgbà Service Pack 2, Linux sì gbà á sínú ara rẹ̀ ní 2008. Ohunkóhun tó bá ń sọ èdè UVC, bí wọ́n bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ti di webcam nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò tún ní máa wá driver kiri. Lẹ́tà mẹ́ta yìí ló yẹ kí oníkọ̀ǹpútà àtijọ́ máa wá lára ohunkóhun tó bá fẹ́ rà.

Àwọn kámẹ́rà kan wà tí iṣẹ́ webcam ti wà nínú wọn láti ilé-iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ní ibi tí wọ́n kọ “PC Camera” tàbí “PC Cam” sí nínú mẹ́nù wọn. Àwọn FinePix kan láti ọwọ́ Fujifilm ní i. Àwọn Handycam kan láti ọwọ́ Sony náà ní i, àmọ́ “USB Streaming” ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ń ṣe ohun tí tuntun kò lè ṣe. Windows 98, 2000 tàbí XP ni wọ́n kọ driver àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí fún, nígbà tí Windows bíìtì 32 gbòde kan. Windows bíìtì 64 kì í gba driver bíìtì 32 rárá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà kò sì padà kọ òmíràn. Kámẹ́rà ọdún 2002 tí kò dá Windows 10 lóhùn lè ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà XP tí wọ́n ti fẹ́ gbé jù sí ààtàn. Kí ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí má retí púpọ̀ ṣá o: 320×240 ni èyí tó pọ̀ nínú wọn ń gbé jáde, àwọn tó lágbára ń ṣe 640×480. Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe XP dúró láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2014, àwọn ètò ìpàdé òde òní kò sì wọ orí rẹ̀ mọ́. Ohun tó kù fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni kíká fídíò sílẹ̀, tàbí kí ó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020 ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Ilé-ìwé àti ọ́fíìsì kó wọ orí Zoom, webcam sì di ohun àwátì lọ́jà káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Canon gbé EOS Webcam Utility jáde. Ètò yìí ń gba àwòrán Live View, ìyẹn àwòrán tó máa ń hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, nípasẹ̀ okùn USB lásán, ó sì ń fi í han kọ̀ǹpútà bíi webcam. Fujifilm tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún, Olympus ní oṣù Keje, Nikon àti Sony ní oṣù Kẹjọ. Panasonic náà kò gbẹ́yìn. Kì í ṣe kámẹ́rà tuntun nìkan ni Canon kà sí: 600D àti 1100D, tí wọ́n jáde ní 2011, wà lára àwọn tí ètò náà gbà. Ẹni tó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ ní láti kíyè sí orúkọ níbí, nítorí kámẹ́rà kan náà ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ohun tó ń jẹ́ 600D ní Yúróòpù ni Rebel T3i ní Amẹ́ríkà àti Kiss X5 ní Japan. 1100D ni Rebel T3 àti Kiss X50. Ẹni tó bá wá orúkọ kan nínú àkọsílẹ̀ Canon tí kò rí i, kó wá èkejì.

Windows 10 bíìtì 64 ni wọ́n kọ ètò Canon yìí fún, kọ̀ǹpútà tó ṣì wà lórí Windows 7 tàbí Windows bíìtì 32 kò sì ní ìpín níbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà fún un, tó ti wà kí 2020 tó dé. Canon ti ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní EOS Utility tipẹ́, ètò tí wọ́n fi ń darí kámẹ́rà láti orí kọ̀ǹpútà, tó sì ń ṣí fèrèsé kan tí àwòrán Live View ń hàn nínú rẹ̀. digiCamControl, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ Nikon. Bí fèrèsé yẹn bá ti ṣí, ètò OBS Studio lè máa ká ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì tún un gbé jáde bíi webcam tí kò sí lójú ayé, OBS Virtual Camera. OBS ti ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ lórí Windows láti ẹ̀dà 26 tó jáde ní 2020. Ẹ̀dà 28 ti ọdún 2022 ló kọ Windows 7 sílẹ̀. Ẹ̀dà 27.2.4 ló gbẹ̀yìn tó ṣì gbà á, òun sì ni oníkọ̀ǹpútà àtijọ́ yóò wá. OBS tún ń béèrè graphics tó gba DirectX 10.1. Intel GMA 950 tó wà nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ọdún 2006 àti 2007 kò gbà á. Graphics inú àwọn Intel Core ìran kejì, tó jáde ní 2011, gbà á. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí oníkọ̀ǹpútà ṣe kó tó náwó. Àwòrán 640×480 tí wọn kò fún pọ̀, bó bá jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 147 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá fi di 1280×720, ó ti di nǹkan bíi 442. Ihò USB 1.1 tó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà ìparí ọ̀rúndún tó kọjá kò lè gbé ju 12 lọ. USB 2.0, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2000, ń gbé 480 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé lójú ayé kéré sí i dáadáa. USB 3.0 ti 2008 ń gbé 5,000. Kí àwòrán tó tóbi lè gba inú USB 2.0 kọjá, ẹ̀rọ náà máa ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan pọ̀ bíi fọ́tò JPEG, ohun tí wọ́n ń pè ní MJPEG. Wàhálà dín kù lára okùn, ó sì bọ́ sọ́rùn kọ̀ǹpútà, nítorí òun ni yóò tú àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí Zoom yóò sì tún un fún pọ̀ lọ́nà mìíràn kó tó fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Core 2 Duo tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì lórí 1920×1080 yóò gbóná, ohùn yóò máa já, àwòrán yóò sì máa fò. Ìtìjú kò sí nínú sísọ ọ́ kalẹ̀ sí 1280×720, tàbí 640×480 pàápàá. Lẹ́ǹsì tó dára lórí 640×480 ṣì ń dùn ún wò ju ojú webcam ẹlẹ́gbin lórí ìlọ́po rẹ̀. Lórí Windows, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ihò òun jẹ́ USB 2.0 yóò ṣí Device Manager, yóò wo ìsọ̀rí USB. Bó bá rí orúkọ tó ní “Enhanced” nínú, USB 2.0 wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù ni ti HDMI. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó jáde láti nǹkan bíi 2009 ní ihò HDMI kékeré, tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè wo fọ́tò lórí tẹlifíṣọ̀n. Capture card ni yóò gba ohun tó ń jáde níbẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di UVC. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé kámẹ́rà ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Webcam ló rí. Windows 7, Linux, Mac tó ti pẹ́, gbogbo wọn ló ń gbà á láìsí driver. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tó rí bíi flash tó sanra díẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lo chip MS2109 ti ilé-iṣẹ́ MacroSilicon. Ó ń gba 1920×1080 ní àwòrán 30 bó bá jẹ́ MJPEG. Bí ètò bá ní kó mú àwòrán tí wọn kò fún pọ̀ wá, 5 péré ni yóò máa mú wá ní ìṣẹ́jú àáyá, èèyàn yóò sì máa rìn nínú fídíò bí ẹni tó ń tọ̀ọ́gbé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bú kámẹ́rà wọn nítorí èyí kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti yan irú àwòrán nínú OBS ni ẹ̀bi wà. Àwọn òǹtajà kan tún ń fi ike aláwọ̀ búlúù sí ẹnu rẹ̀ kí ó lè jọ USB 3.0. USB 2.0 ni MS2109, àwọ̀ yòówù kí ike rẹ̀ ní, kò sì burú bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí gbogbo ihò rẹ̀ jẹ́ 2.0.

Ohun méjì ni wọ́n ń wádìí lára kámẹ́rà kí wọ́n tó ra capture card. Èkíní ni ìwọ̀n ihò HDMI rẹ̀: mini wà lára ọ̀pọ̀ Canon, micro wà lára ọ̀pọ̀ Sony kéékèèké, okùn ọ̀kan kò sì wọ èkejì. Èkejì ló ń dá àwọn èèyàn lágara. Àwọn kámẹ́rà kan kì í gbé àwòrán nìkan jáde. Wọ́n ń kó gbogbo ohun tó wà lójú gíláàsì ẹ̀yìn mọ́ ọn, iye bátìrì, àpótí funfun tó ń wá ojú èèyàn, nọ́ńbà oríṣiríṣi. Àwọn tó ń wo ìsìn lórí fóònù yóò máa rí pásítọ̀ tí àmì bátìrì wà níwájú orí rẹ̀. Lára Sony a6000, ibì kan wà nínú mẹ́nù tí wọ́n ti lè pa àwọn àmì yìí lórí HDMI. Nikon D800 ti 2012 lè gbé àwòrán mímọ́ jáde; Canon 5D Mark III kò lè ṣe é títí Canon fi tún ètò inú rẹ̀ ṣe ní 2013. Àwọn Canon olówó pọ́ọ́kú ìgbà náà, bíi 600D, kò ní i. Magic Lantern, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ kámẹ́rà kọ fún Canon, lè pa àwọn àmì náà lára àwọn kan, ṣùgbọ́n Canon kò fọwọ́ sí i, ẹni tó bá fi í sínú kámẹ́rà rẹ̀ fi orí ara rẹ̀ ṣe é. Bí èyí kò bá wu èèyàn, OBS lè gé etí àwòrán náà kúrò, kí àwọn àmì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bá a lọ.

Kámẹ́rà tí kò ní HDMI sábà máa ń ní ihò AV, tí okùn rẹ̀ ní ẹnu yẹ́lò fún àwòrán, funfun tàbí pupa fún ohùn. Irú ihò yìí ni wọ́n máa ń fi so ẹ̀rọ VHS mọ́ tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní EasyCap ń gba okùn yẹn, ó sì ń gbé e wọ USB. Àwòrán rẹ̀ kò tó ti HDMI: 720×576 lórí ètò PAL, 720×480 lórí NTSC. Ọ̀rọ̀ PAL àti NTSC yìí sì ni ibi tí kámẹ́rà tòkunbọ̀ ti ń dáni láàmú. Ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni méjèèjì: PAL ni ti Nàìjíríà, NTSC ni ti Amẹ́ríkà, kámẹ́rà tó ti Houston dé yóò sì wà lórí NTSC títí ẹnìkan yóò fi wọ mẹ́nù rẹ̀ lọ yí i. Bí kámẹ́rà bá wà lórí ọ̀kan, tí ètò orí kọ̀ǹpútà sì wà lórí èkejì, àwòrán yóò jáde láìní àwọ̀, tàbí kó máa yí gbirigbiri lọ sókè. Àyẹ̀wò ibẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. EasyCap náà ní ìṣòro driver tirẹ̀, nítorí oríṣiríṣi chip ló wà nínú àpótí tí wọ́n kọ orúkọ kan náà sí. Èyí tí wọ́n bá kọ UVC sí lára ló dára jù lọ láti rà.

Kámẹ́rà fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì MiniDV ń lo FireWire, tí Sony ń pè ní i.LINK. Kọ̀ǹpútà tó ní ihò yìí nìkan ló lè gbà á, ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ọdún 2003 sí 2010 sì ní i. Windows XP mọ kámẹ́rà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwòrán ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì mọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun tó ní ihò náà kò sí lọ́jà mọ́. Èyí tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ogbó kọ̀ǹpútà ti di àǹfààní.

Linux yẹ fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé Windows tuntun mọ́, tí kò sì bẹ̀rù títẹ àṣẹ lórí ojú dúdú. Ètò gphoto2 ń bá ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Canon àti Nikon sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ PTP, ó sì lè máa fa àwòrán Live View jáde. v4l2loopback ń dá webcam òfìfo sílẹ̀, ffmpeg sì ń da ohun tí gphoto2 fà jáde sínú rẹ̀. Àṣẹ kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀, bí ẹni náà bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kò ní tún un rò mọ́. Ìdènà tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti gba kámẹ́rà kí gphoto2 tó dé, nítorí ó rò pé ẹnìkan fẹ́ kó fọ́tò. Ẹni náà ní láti kọ́kọ́ tú kámẹ́rà kúrò lára ibi tí fáìlì ń hàn. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí Windows, níbi tí ètò ìkófọ́tò ti máa ń ṣí fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwòrán bá ti jáde, iná ló kù. Kámẹ́rà ayafọ́tò kò retí pé kí wọ́n máa lò ó fún wákàtí mẹ́ta. Bátìrì kékeré bíi LP-E10 tó wà nínú 1100D kì í sábà pé wákàtí méjì bí Live View bá wà ní títàn, bátìrì tòkunbọ̀ kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Okùn USB kì í sì í fún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní iná. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni bátìrì irọ́, ike tó rí bíi bátìrì gan-an, tó ní okùn nídìí, tí wọ́n ń fi sí ihò iná. Ti Canon fún 1100D ń jẹ́ ACK-E10. Wọ́n ń ta àdàmọ̀dì rẹ̀ ní owó tí kò pọ̀, ṣùgbọ́n agbára iná tí wọ́n kọ sára bátìrì gidi ni kí ẹni tó ń rà á fi wé e, nítorí iná tó pọ̀ jù lè pa kámẹ́rà. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀, kí wọ́n má so ó mọ́ ògiri tààrà. UPS tàbí ìnfátà ni kó gba ibẹ̀ kọjá. Auto Power Off inú mẹ́nù gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Àwọn kámẹ́rà kan yóò ṣì pa Live View fúnra wọn lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kò sí ohun tí mẹ́nù lè ṣe sí i. Kí wọ́n tún un tàn nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló kù. Bí kámẹ́rà bá gbóná, ṣíṣí gíláàsì ẹ̀yìn kúrò lára rẹ̀, fún àwọn tó ṣeé ṣí, máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ohùn kì í bá àwòrán wá nípasẹ̀ àwọn ètò USB bíi ti Canon. HDMI lè gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé makirofóònù inú kámẹ́rà tó wà lókèèrè kò dára tó èyí tí wọ́n fi há ọrùn aṣọ. Bó bá jẹ́ pé makirofóònù òtọ̀ ni wọ́n lò, ohùn yóò máa ṣáájú ètè díẹ̀, nítorí àwòrán ń pẹ́ nínú capture card àti nínú kọ̀ǹpútà tí kò yára. Nínú fídíò tí wọ́n ń ká sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gbé jáde láti inú OBS fúnra rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń dá ohùn dúró fún ìwọ̀nba àkókò kékeré: wọ́n ń pa àtẹ́lẹwọ́ níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì ń yí nọ́ńbà náà títí ìró àti ìpàdé ọwọ́ méjèèjì yóò fi bọ́ sí ojú kan.

Iná yàrá tún ní tirẹ̀. Iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ní Benin àti ní gbogbo Yúróòpù ń lọ ní 50 Hz, ti Amẹ́ríkà ní 60 Hz. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz. Ojú èèyàn kì í rí i, kámẹ́rà ń rí i, ìlà dúdú á sì máa rìn lọ lórí àwòrán. Bí wọ́n bá yí shutter sí 1/50 tàbí 1/100, ìlà náà á lọ. Kámẹ́rà tó ti Amẹ́ríkà dé yóò máa fẹ́ dúró sí 1/60, ìyípadà sí PAL tí wọ́n sọ lókè yìí sì ń tún èyí ṣe pẹ̀lú. Kí white balance, ìyẹn ètò àwọ̀ inú kámẹ́rà, má wà lórí Auto, kó má baà jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fi aṣọ aláwọ̀ ewé kọjá lẹ́yìn, ojú olùkọ́ á yí padà. Lẹ́ǹsì 18–55 tó máa ń bá kámẹ́rà wá tó fún yàrá kékeré, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n gíga ojú. Ojú tó ń wo èèyàn láti ìsàlẹ̀ ń sọ gbogbo èèyàn di oníhò imú ńlá.

Bí àwòrán bá kọ̀ láti hàn nínú Zoom tàbí Google Meet lẹ́yìn gbogbo èyí, ètò méjì ló sábà máa ń jà sí kámẹ́rà kan. Webcam kan kì í fẹ́ dá ètò méjì lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà lórí Windows àtijọ́. Bí OBS bá ti mú capture card, Zoom kò ní rí nǹkan kan àfi tí wọ́n bá yan OBS Virtual Camera nínú rẹ̀. Bí àwòrán dúdú bá jáde, wọ́n ń wò ó bóyá kámẹ́rà wà lórí Live View tàbí ipò fídíò, nítorí kámẹ́rà tó ní dígí nínú kì í rí nǹkan kan láti ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ títí dígí yẹn yóò fi gbéra. Bí ẹni tó jókòó bá rí ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ tó kọ sẹ́yìn, Zoom ló ń fi í hàn án bíi dígí. Àwọn tó ń wò ó láti ibòmíràn ń rí i bó ṣe yẹ.